Àyà mi ń lù kìkì, ECG ní kò sí nǹkan: kí ni iṣan sympathetic ń fi ọkàn ṣe?

Ajílóru (ọjọ́ Ajé, 1:12 òru)

Ẹ kú àìsùn o. Ẹni ọdún 41 ni mí, n kì í mu sìgá, n kò ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo ti sùn wọra nígbà tí fóònù dún létí mi ní aago méjì òru. Mo ta gìrì. Kí ọwọ́ mi tó kan fóònù, àyà mi ti ń lù kì-kì-kì bí ẹni ń gún nǹkan nínú odó. Ìyẹn kò bà mí lẹ́rù. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé ó lù, ó lù, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá lu ẹyọ kan tó wúwo, GBÌ, àfi bíi pé ó fẹ́ gba ọ̀fun jáde. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá tirẹ̀ lọ. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ tó ìgbà mẹ́rin. Aago ọwọ́ mi kọ ìlù 128 ní ìṣẹ́jú kan.

Ó ti tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà láti ìgbà náà, òru ni gbogbo rẹ̀. Mo lọ rí dókítà. Wọ́n ṣe ECG, àyẹ̀wò tó ń ya bí iná ṣe ń gba inú ọkàn kọjá, wọ́n ní ó dára. Wọ́n so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ mi láyà fún wákàtí 24, wọ́n ní ìlù àfikún díẹ̀ wà níbẹ̀, kò tó nǹkan. Dókítà ní, "Iṣan sympathetic yín ló ń ṣiṣẹ́ àṣejù," ó sì ní kí ẹni tó kàn máa wọlé bọ̀.

Kí ni iṣan náà? Ṣé lóòótọ́ ló lè da ìlù ọkàn rú débi pé ó máa di ewu? Ṣé kí n bẹ̀ wọ́n fún béta-blọ́kà, oògùn tó ń mú kí ọkàn falẹ̀?

TíṣàArá (ọjọ́ Ajé, 6:40 àárọ̀)

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìpayà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ni mo ń kọ́ ní bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tí mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ fún wọn.

Ọkàn kò dúró de ẹnikẹ́ni kó tó lù. Nínú yàrá òkè rẹ̀ lápá ọ̀tún, ìdì sẹ́ẹ̀lì kan wà tí wọ́n ń pè ní SA node. Òun ni onílù. Bí a bá gé gbogbo iṣan tó ti ọ̀dọ̀ ọpọlọ wá kúrò lára rẹ̀, á ṣì máa lù, ní nǹkan bí ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ lè rí i lára àwọn tí wọ́n pààrọ̀ ọkàn fún. Wọ́n ti gé iṣan ọkàn tuntun náà kí wọ́n tó gbé e wá, ó sì máa ń lu bíi 90 sí 110 kódà bí ẹni náà bá dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́.

Kí ló wá dé tí tèmi tiyín fi ń lu 60 tàbí 70 bí a bá jókòó? Ìjánu wà lẹ́nu rẹ̀. Iṣan vagus ló di ìjánu náà mú, ó ń fà á tọ̀sán tòru. Sympathetic ni kẹ́sẹ́ tí a fi ń gún ẹṣin lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ti inú ọ̀pá ẹ̀yìn jáde lápá àyà, ó gba inú àwọn kókó kan nítòsí ìsàlẹ̀ ọrùn. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ń jẹ́ stellate, torí pé ó rí bí ìràwọ̀. Láti ibẹ̀ ló ti tàn ká ọkàn. Àwọn yàrá òkè ni vagus ń bá wí jù. Sympathetic ní tirẹ̀ wọ inú ẹran yàrá ìsàlẹ̀, ìyẹn èyí tó ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde sí gbogbo ara. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a máa padà síbẹ̀.

Kẹ́míkà ló fi ń sọ̀rọ̀. Ẹnu iṣan náà ń tú nọradrẹnálínì sílẹ̀, ìyẹn sì ń bọ́ sínú béta-1 tó wà lára sẹ́ẹ̀lì ọkàn bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń bọ́ sínú àgádágodo rẹ̀. Onílù á yára, iná á tètè kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọkàn á fún pọ̀ kíkankíkan, á sì tètè tú. Ní ti Ajílóru, ohun tó ṣe pàtàkì ni pé vagus lè mú ìlù tó kàn gan-an falẹ̀, ṣùgbọ́n sympathetic ń gba ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kó tó wọlé, kì í sì í tètè jáde. Adrẹnálínì tún wà tó ń ti orí kíndìnrín wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ fi máa ń tán kí àyà tó rọlẹ̀.

Ní 1921 ni Otto Loewi fi hàn pé kẹ́míkà ni iṣan fi ń bá ọkàn sọ̀rọ̀. Ó ru iṣan ọkàn àkèré kan, ó bu omi tó yí ọkàn náà ká, ó bù ú fún ọkàn àkèré mìíràn, ọkàn kejì sì ṣe bí èkíní. Ó ní ojú oorun lòun ti rí bóun ṣe máa ṣe é. Òun àti Henry Dale ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1936.

Aláwàdà7 (ọjọ́ Ajé, 7:05 àárọ̀)

Tíṣà, ẹ ṣàánú wa. Ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, iṣan. Èyí tó ń lọ́ mọ́ra ní ẹsẹ̀ mi lóru, iṣan. Èyí tí ẹ ń sọ yìí náà, iṣan. Èwo ni ká mú?

TíṣàArá

Èdè ló pín in bẹ́ẹ̀, ẹ má bá mi jà. Níbí yìí, okùn tó ń gbé iṣẹ́ láti ọpọlọ lọ sí ara ni mò ń pè ní iṣan. Bí mo bá fẹ́ sọ èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, màá sọ pé ọ̀nà ẹ̀jẹ̀.

Kòtóǹkan (ọjọ́ Ajé, 9:31 àárọ̀)

Ẹ má dẹ́rù ba ọmọlúàbí yìí. Kò sẹ́ni tí kò ní ìlù àfikún. Tèmi ti tó ogún ọdún. Bí ó bá ṣe é, mo máa ń wúkọ́, ó tán. Gbogbo ọ̀rọ̀ "ìpayà ló pa á" yẹn, àsọdùn àwọn àgbà ni. Ìbẹ̀rù kì í pa èèyàn.

Nọ́ọ̀sìÒru (ọjọ́ Ajé, 11:48 àárọ̀)

Mo gba ìdajì ọ̀rọ̀ Kòtóǹkan, mo dá ìdajì padà.

Nínú ọkàn tó yè kooro, ìlù àfikún kì í sábà já mọ́ nǹkan. GBÌ tí Ajílóru gbọ́ yẹn kọ́ ni ìlù tó ṣì. Èyí tó ṣì ti wá ṣáájú: ó dé kí àsìkò rẹ̀ tó pé, ẹ̀jẹ̀ kò tíì kún ọkàn, ni ẹ kò fi mọ̀ ọ́n lára. Ìsinmi tó tẹ̀ lé e gùn, ọkàn kún dẹ́nu, ìlù tó wá kàn ló ti gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlù tó dára lẹ ń sá fún.

Ṣùgbọ́n pé ìbẹ̀rù kì í pa èèyàn? Ní January 17, 1994, ilẹ̀ mì tìtì ní Northridge, ní Los Angeles, kí ojúmọ́ tó mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, bíi èèyàn 4.6 ni ọkàn ń pa lójijì lójúmọ́ ní agbègbè náà. Lọ́jọ́ ìmìtìtì náà, 24 ni. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kíyè sí ni èyí tó tẹ̀ lé e: ní ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà, iye náà já wálẹ̀ sí bíi 2.7 lójúmọ́, kò tó ti àtẹ̀yìnwá. Ó dà bíi pé àwọn tí ọkàn wọn ti wà létí bèbè ni ilẹ̀ náà mì ṣubú. Ní Munich náà, nígbà ìdíje bọ́ọ̀lù àgbáyé ti 2006, lọ́jọ́ tí Jámánì bá gbá bọ́ọ̀lù, àwọn tí ọkàn ń dà láàmú tí wọ́n ń pe dókítà pàjáwìrì fún máa ń pọ̀ tó ìlọ́po 2.66 ti ọjọ́ mìíràn. Ẹni tó jókòó wo bọ́ọ̀lù o, kò gbá a.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ojú mi rí. Bàbá kan wà tí àpá àìsàn ọkàn àtijọ́ wà lára ọkàn rẹ̀. Wọ́n ti ri ẹ̀rọ sábẹ́ awọ àyà rẹ̀, èyí tó máa ń ta iná sí ọkàn bí ìlù rẹ̀ bá dàrú. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀rọ náà ta á lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, ó tún ta á lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójú wa. Ẹni tí wọ́n ta ní irú iná bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ ọ́n, bí ẹṣin ṣe ń tàpá síni láyà ni. Bàbá ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ẹ̀rọ tó wà lókè orí rẹ̀, èyí tó ń ka ìlù ọkàn rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Bí nọ́ńbà bá ti kúrò ní 85 tó di 95, á gbá mi lọ́wọ́ mú: "Nọ́ọ̀sì, ó ń bọ̀." Á sì bọ̀ lóòótọ́. Ìbẹ̀rù ń bí adrẹnálínì, adrẹnálínì ń da ìlù rú, ìlù tó dàrú ń mú iná wá, iná ń bí ìbẹ̀rù.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo yí ojú ẹ̀rọ náà sí ògiri. Àwọn dókítà fún un ní béta-blọ́kà, wọ́n kùn ún lóorun. Nígbà tí ìyẹn kò tó, dókítà tó ń kunni lóorun fi abẹ́rẹ́ wá stellate rẹ̀ rí lápá òsì ọrùn, ó ń wo ọ̀nà lójú ẹ̀rọ bó ṣe ń lọ, ó sì fi oògùn pa ibẹ̀ kú ráńpẹ́. Kò pẹ́, ìpéǹpéjú òsì bàbá sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Bí a ṣe ń mọ̀ pé ó ti wọlé nìyẹn. Ilẹ̀ mọ́, iná kankan kò tún ta á. Ìjì ni a ń pe irú rẹ̀ níbi iṣẹ́: kí ìlù yàrá ìsàlẹ̀ dàrú lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín wákàtí 24.

Ajílóru (ọjọ́ Ajé, 12:20 ọ̀sán)

Ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ tún ti já mi láyà sí i. Ohun tí kò yé mi nìyí: nọradrẹnálínì kan náà ló ń bọ́ sára gbogbo wa. Ẹlòmíràn á sá eré, ọkàn rẹ̀ á dé 170, á padà sílé láìṣe nǹkan kan. Bàbá yìí dé 95, ó dàrú. Kí ló yà wọ́n?

TíṣàArá (ọjọ́ Ajé, 8:15 alẹ́)

Ìbéèrè tí mo ti ń retí nìyí. Ẹ jẹ́ kí n lò díẹ̀ nínú àsìkò yín lórí rẹ̀.

Ẹ wo inú sẹ́ẹ̀lì ọkàn kan ṣoṣo. Bí iná bá ti dé ibẹ̀, kálísíọ́mù díẹ̀ á wọlé láti ìta. Díẹ̀ yẹn kò tó láti mú ẹran ọkàn fún pọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó kan ilẹ̀kùn àká kan tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, kí kálísíọ́mù tó pọ̀ nínú àká náà tú jáde. Ìyẹn ló ń mú ẹran fún pọ̀. Lẹ́yìn náà, a óò fà á padà sínú àká, kí ìlù mìíràn tó dé. Kẹ́sẹ́ sympathetic ń mú kí èyí tó ń wọlé pọ̀ sí i, kí ìfàpadà náà sì yára. Àká á kún. Bí ilẹ̀kùn rẹ̀ bá le dáadáa, ọkàn alágbára lẹ rí yẹn, ẹ lè bá a sá eré. Bí ilẹ̀kùn náà bá ń jò, tàbí tí àká kún kọjá bó ṣe yẹ, kálísíọ́mù á máa yọ́ jò nígbà tó yẹ kí gbogbo nǹkan dákẹ́. Jíjò yẹn ń ru iná sẹ́ẹ̀lì náà sókè. Bí ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì bá jò pa pọ̀, ìlù tí onílù kò pè ti dé nìyẹn.

Ìlù àfikún kan kò tíì jẹ́ ìjà. Kí ó tó di ìjà, ó gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà tí á máa yí po. Gbogbo sẹ́ẹ̀lì ọkàn ló nílò ìsinmi lẹ́yìn ìlù kan kí iná tó lè tún gba ara rẹ̀ kọjá. Sympathetic máa ń gé ìsinmi náà kúrú. Bó bá gé e dọ́gba káàkiri, kò séwu. Bó bá gé tibí kúrú tí tọ̀hún sì gùn síbẹ̀, iná tó ń bọ̀ á bá ilẹ̀kùn tó tì níwájú, á gba ẹ̀gbẹ́ tó ṣí, á yí po, nígbà tó bá fi padà dé, ilẹ̀kùn tó tì yẹn ti ṣí. Ó di àyípo. Onílù ń lù lókè, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ tirẹ̀ mọ́.

Ẹ wá ronú kan bàbá tí Nọ́ọ̀sìÒru sọ. Nígbà tí apá kan ọkàn kú, iṣan tó wà níbẹ̀ kú pẹ̀lú rẹ̀. Bí àpá ṣe ń jiná, iṣan á tún máa rú jáde létí rẹ̀, á rú jù ní ibì kan, kò ní rú rárá ní ibòmíràn. Àwọn ibi tí iṣan ti kú tún máa ń di ẹni tí kò lè gba adrẹnálínì díẹ̀ sára: èyí tó bá ti inú ẹ̀jẹ̀ wá, wọ́n á fò fún un. Kẹ́sẹ́ kan ṣoṣo lẹ fi gún un, ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹṣin ń sáré, tòsì dúró.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá sọ fún mi pé ọkàn ẹnì kan ń sáré, n kì í tètè dìde. Bí ó bá ń sáré lọ́nà tí kò dọ́gba, mo ti dìde kí wọ́n tó sọ tán.

Ẹgbọ́nObìnrin (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:58 àárọ̀)

N kì í sábà kọ nǹkan síbí. Àbúrò mi ni mo fẹ́ sọ.

Ọmọ ọdún 15 ni nígbà tó kọ́kọ́ dákú. Aago tó fi ń jí ló dún, ó dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ yí sókè, ó ṣubú sẹ́yìn, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Wọ́n ní wárápá ni. Ọdún mẹ́rin gbáko ló fi lo oògùn wárápá, kò sì dáwọ́ dúró. Èmi ni mo sọ fún dókítà kejì pé kò ṣe é rí láìsí pé nǹkan dún lójijì: aago, fóònù, ìgbà kan tí ilẹ̀kùn gbá. Dókítà náà gbé bírò sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ ti ṣe ECG fún un rí?" A ò ṣe é rí. Wọ́n ṣe é lọ́jọ́ náà, QT rẹ̀ gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n yẹ apilẹ̀ àbùdá rẹ̀ wò, KCNH2 ló ní àbùkù, irú kejì àìsàn QT gígùn.

Béta-blọ́kà ló ń lò báyìí lójoojúmọ́. Kò sí aago nínú yàrá rẹ̀, kò sí fóònù tó ń dún. Ẹni ọdún 27 ni, ó sì ti pé ọdún mẹ́jọ tó dákú gbẹ̀yìn.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ dẹ́rù ba Ajílóru. Mo kàn rí "fóònù dún" nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, n kò lè kọjá.

TíṣàArá (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:30 àárọ̀)

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kú ìfaradà ọdún mẹ́rin yẹn.

Kí àwọn tó ń kà á lè mọ̀: QT ni àsìkò tí yàrá ìsàlẹ̀ fi ń gba iná tó sì fi ń gbà á sílẹ̀. Àwọn tó ní irú kìíní, KCNQ1, eré ìdárayá ló sábà ń mú un, pàápàá odò wíwẹ̀. Ọ̀nà tí pòtásíọ́mù ń gbà jáde, tó yẹ kí sympathetic ṣí gbayawu kí ìsinmi lè kúrú bí ọkàn ṣe ń yára, kò ṣí. Irú kejì ni ti àbúrò yín, ìró òjijì. Irú kẹta, SCN5A, ojú oorun tàbí ìsinmi ló ti sábà ń ṣẹlẹ̀.

Àìsàn kan tún wà, CPVT, tó jẹ́ pé ECG ẹni náà mọ́ tónítóní bó bá dùbúlẹ̀. Ẹ rántí ilẹ̀kùn àká kálísíọ́mù tó ń jò? Òun gan-an ni. Ní 2001 ni wọ́n rí àbùkù náà nínú apilẹ̀ àbùdá RYR2, èyí tó ń ṣe ilẹ̀kùn yẹn. Ọmọdé á máa sáré, tàbí inú á bí i, á ṣubú. Bí ẹ kò bá mú un sáré lórí ẹ̀rọ pẹ̀lú ECG láyà, ẹ lè máa sọ pé kò sí nǹkan títí.

Nọ́ọ̀sìÒru (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:02 àárọ̀)

Ajílóru, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ti dákú rí? Ẹnì kan nínú ẹbí yín ti kú lójijì láìtíì pé 40, tàbí kó rì sómi bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ ọ́n wẹ̀? Bí ẹ bá ń sáré, ṣé ó ń pọ̀ sí i ni àbí ó ń lọ? QTc mélòó ni wọ́n kọ sára ECG, ìyẹn QT tí wọ́n ti ṣírò mọ́ bí ọkàn ṣe ń yára tó? Oògùn wo lẹ ń lò, títí kan èyí tí dókítà kò kọ?

Ajílóru (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:44 àárọ̀)

N kò dákú rí. Kò sẹ́ni tó kú bẹ́ẹ̀ nínú ẹbí. Bí mo bá ń gun àtẹ̀gùn, ó máa ń lọ pátápátá. Mo ti rí ìwé náà: QTc 418. Oògùn kankan kò sí. Oògùn ọ̀fìnkìn lásán, imú mi máa ń dí lálẹ́.

Nọ́ọ̀sìÒru

QTc yín dára. Pé ó ń lọ bí ẹ bá ń ṣe eré, ìyẹn náà fi mí lọ́kàn balẹ̀. Ẹ ka ara páálí oògùn "lásán" yẹn fún mi.

Ajílóru

Paracetamol. Pseudoephedrine 60. Mò ń lo ẹyọ kan kí n tó sùn, ó ti tó oṣù kan.

Nọ́ọ̀sìÒru

Ẹ̀hẹ́n.

TíṣàArá

Ajílóru! Bí pseudoephedrine ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé ó ń ti nọradrẹnálínì jáde lẹ́nu iṣan sympathetic. Ó ń fún ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ inú imú pọ̀, imú á là, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé imú nìkan lẹ rán òun sí. Ó ń dé ọkàn. Ẹ gún ẹṣin ní kẹ́sẹ́, ẹ wá ń sùn lórí rẹ̀. Ẹ sọ fún dókítà yín àti apòògùn yín lónìí, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n léèrè ohun tẹ́ ẹ lè fi pààrọ̀ rẹ̀.

Asáréìje (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:10 ọ̀sán)

Mo fẹ́ bi Tíṣà. Aago ọwọ́ mi ń ka HRV, ìyẹn bí àlàfo ìlù kan sí èkejì ṣe ń yàtọ̀, ó sì tún ń pín in sí LF, èyí tó ń lọ́ra yí padà, àti HF, èyí tó ń yára. Ó ní sympathetic mi ga láti ọjọ́ Àìkú. Ṣé kí n sinmi eré?

TíṣàArá

Ẹ má fi ìpín LF sí HF yẹn ṣe ìpinnu kankan. Ní ọjọ́ tó ti pẹ́, àwọn kan gbà pé LF ni sympathetic. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́: bí ẹ ṣe ń mí àti bí ara ṣe ń tún ìwọ̀n agbára ẹ̀jẹ̀ ṣe ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ mí lẹ́ẹ̀mẹ́fà péré ní ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ wo bí LF á ṣe fò sókè nígbà tẹ́ ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Ṣé sympathetic ló fò?

Ìyàtọ̀ láàárín ìlù kan sí èkejì kì í ṣe nǹkan ṣeréṣeré ṣá o. Ní 1987, wọ́n tẹ̀ jáde ohun tí wọ́n rí lára èèyàn 808 tí àìsàn ọkàn ti kọlù: àwọn tí ìyàtọ̀ ìlù wọn kéré sí 50 nínú ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ló kú jù. Ìjánu ló ti yọ lẹ́nu wọn, kẹ́sẹ́ nìkan ló kù. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ wákàtí 24 ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, aago ọwọ́ kọ́.

Kòtóǹkan (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:26 ìrọ̀lẹ́)

Ó dáa, mo gbà pé ìpayà lè pààyàn tí ọkàn rẹ̀ ti ní àpá. Ṣùgbọ́n kí ló dé tẹ́ ẹ kò kàn sọ fún gbogbo ayé kó máa lo béta-blọ́kà? Èmi máa ń gba propranolol lọ́wọ́ àbúrò mi bí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀ níwájú èrò, ọwọ́ mi kì í gbọ̀n. Ó tún ti fún àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì.

Nọ́ọ̀sìÒru

Ẹ wò ó, ẹ fi sílẹ̀! Bí ọ̀kan nínú ọ̀rẹ́ méjèèjì bá ní ikọ́ fée ńkọ́? Propranolol kò mọ ti ọkàn yàtọ̀ sí ti ẹ̀dọ̀fóró, ó lè dí ọ̀nà èémí rẹ̀. Ẹni tó bá sì ti ń lò ó lójoojúmọ́ kò gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì. Nígbà tí wọ́n dí ilẹ̀kùn béta, ìyẹn àgádágodo tí Tíṣà sọ pé kẹ́míkà ń bọ́ sí, ara á dá ilẹ̀kùn sí i. Ẹ wá mú oògùn kúrò lọ́jọ́ kan ṣoṣo, gbogbo ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún adrẹnálínì. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi ń dín in kù, lójú dókítà.

TíṣàArá

Oògùn ńlá ni, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kó jẹ́ ohun tí a ń pín bíi súìtì. Ní 1948 ni Raymond Ahlquist sọ pé ilẹ̀kùn oríṣi méjì ló wà, alfa àti béta. James Black gbọ́ ọ, ó ní ó yẹ kí èèyàn lè dí béta nìkan, bẹ́ẹ̀ ni propranolol ṣe jáde ní àwọn ọdún 1960. Wọ́n fún un ní Nobel ní 1988. Nígbà tí wọ́n dán an wò lára èèyàn 3,837 tí àìsàn ọkàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlù ní Amẹ́ríkà, 7.2 nínú 100 ló kú lára àwọn tó lò ó, 9.8 lára àwọn tí wọ́n fún ní oògùn òfìfo. Àwọn tó ní àpá lọ́kàn ni o. Kì í ṣe ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé.

Aláwàdà7

Ká kúkú gé sympathetic náà kúrò, kí gbogbo wa sinmi.

Nọ́ọ̀sìÒru

Ẹ̀ ń ṣàwàdà, ṣùgbọ́n wọ́n ń gé e. Láti 1971 ni wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n gé e lápá òsì fún ẹni tí QT rẹ̀ gùn. Àwọn tí oògùn kò ká tiwọn mọ́ ni wọ́n ń ṣe é fún, ìpéǹpéjú ẹlòmíràn á sì sọ̀ tàbí kí apá kan ojú rẹ̀ má làágùn mọ́. Ẹ̀yin tó yè kooro nílò tiyín kẹ́ ẹ tó lè dìde lórí àga láìdákú.

TíṣàArá

Ìjánu nìkan náà kò sì dára. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé òru, nígbà tí vagus bá fa okùn le jù, ni yàrá òkè ọkàn wọn ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n pìrìpìrì. Bí ẹ bá fún irú wọn ní béta-blọ́kà, ó lè burú sí i.

Ajílóru (ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn náà, 8:03 alẹ́)

Mo padà dé. Mo gbé páálí oògùn náà lọ fún dókítà. Ó wò ó, ó wò mí, ó ní, "Mo bi yín nípa oògùn, ẹ ní kò sí." Lóòótọ́ ni, ohun tí mo sọ nìyẹn. Omi iyọ̀ ni mo fi ń fọ imú báyìí. Wọ́n fi ẹ̀rọ wo ọkàn mi nínú, kò sí àpá, kò sí ibi tó wú. Wọ́n ní n kò nílò béta-blọ́kà. Láti òru mẹ́sàn-án, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gbọ́ GBÌ, mo sì yí ẹ̀gbẹ́ kejì sùn.

Ẹgbọ́nObìnrin, mo ti pa ohùn fóònù mi lóru.

Aláwàdà7

Kẹ́ ẹ tó ti ọ̀rọ̀ yìí pa: ta ló pè yín ní aago méjì òru?

Ajílóru

Ó ṣi nọ́ńbà pè ni. Ó ní ṣé aṣọ òun ti gbẹ.